Àgùntàn Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Àgọ́ Bàbá Dorj,
Ilẹ̀ Mòǹgólíà,
Ọjọ́ kẹta, oṣù September, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Mo mọ̀ pé ilé dákẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń tan iná, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pa á, nítorí náà owó iná á ti wálẹ̀. Ó kéré tán, ìrìnàjò mi ti ṣe yín lóore kan.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yunifásítì ní kí n bá gbé. Darandaran ni wọ́n, Bàbá Dorj àti ìyàwó wọn, Màmá Dulmaa. Ọjọ́ méjì gbáko la fi wa ọkọ̀ láti Ulaanbaatar, olú-ìlú wọn. Kò sí igi, kò sí ọgbà, kò sí aládùúgbò. Àgọ́ ribiti tí wọ́n fi irun àgùntàn bò ni ilé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí gúúsù bíi ti gbogbo àgọ́ ilẹ̀ yìí. Láti ọ̀dọ̀ wa dé àgọ́ tó súnmọ́ wa jù lọ tó Peckham sí Croydon ní London.

Wọn kì í kan ilẹ̀kùn níbí. Ẹni tó bá ń bọ̀ á kígbe láti òkèèrè pé, “Ẹ di ajá yín mú o!” Àgò tiwọn nìyẹn. Èmi ọmọlúwàbí, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń kan pákó bí ọlọ́pàá. Ajá kò mọ̀ pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Ó lé mi yí àgọ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí Màmá Dulmaa jáde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, àfi bí mo ṣe fi orúnkún méjèèjì lé igi ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láé. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fún mi ní tíì. Iyọ̀ ni wọ́n fi sí i dípò ṣúgà.

Èdè wọn tí mo fi odidi ọdún kan kọ́ ní yunifásítì wa ní New Cross, bí ọmọ ọdún mẹ́ta ni mò ń sọ ọ́. Tí mo bá parí gbólóhùn kan, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ibí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Batbayar, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ra awọ àti irun ẹran kiri, ó sì máa ń yà wá ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ara wọn. Òun ni yóò máa gbé lẹ́tà mi dé ìlú, tí yóò ya fótò rẹ̀, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín, kí ẹ ya fótò rẹ̀ sí i. Ẹ kò ní ra sítáǹbù. Mo mọ̀ pé inú yín ti dùn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má ṣèyọnu. Wàrà gbígbẹ ni mò ń jẹ, àti ìrẹsì, àti búrẹ́dì dídín. N kò tíì fọwọ́ kan ẹran wọn, nítorí kò sí Mùsùlùmí nítòsí tó lè pa á. Wọ́n ti bi mí bóyá àìsàn ló ń ṣe mí.

Ọmọ yín,
Nusaybah.


Peckham,
Ọjọ́ kejìlá, September.

Nusaybah, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ajá ń lé,

Lẹ́tà rẹ bá mi ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, níbi tí mo ti ń jẹun lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ajá yẹn kò bù ọ́ jẹ. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá náà fúnra rẹ̀, nítorí nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló gbìyànjú láti lé ọ padà sílé.

Jẹ́ kí n ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yé mi. Wákàtí mẹ́rìnlá nínú bàálù, ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀, kí o lè lọ wo darandaran. Ní Ìwó, ẹ̀yìnkùlé wa ni darandaran ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Àmínát, tí o gbé lọ́dọ̀ wọn títí o fi pé ọmọ ọdún méjìlá, ì bá fi wọ́n hàn ọ́ láti ojú fèrèsé, lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ì bá sì fi wàrà tútù kún un.

Lánàá mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Rye Lane, mo rìn ín dé ìdí, mò ń ka ṣọ́ọ̀bù tó kọ “Halal” sí iwájú rẹ̀. Mọ́kànlá ni. Mọ́kànlá, Nusaybah! Ìwọ fo gbogbo wọn kọjá, o lọ ń rún wàrà tó le bí òkúta.

Dá mi lóhùn. Àgùntàn mélòó ni wọ́n ní? Ẹṣin mélòó? Ẹni méjì péré, kí ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Ṣé òótọ́ sì ni ohun tí Yaqub alápatà sọ fún mi, pé wọ́n ń mu wàrà ẹṣin tó ti kan, tó sì ń pa ènìyàn bí ọtí? Tí wọ́n bá gbé e fún ọ, kí lò ń ṣe?

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, èmi ni mò ń pa àgbò iléyá fún gbogbo agboolé wa. Mẹ́fà ní òwúrọ̀ kan, aṣọ mi funfun nini, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kò ta sí i. O ti gbọ́ ìtàn yìí rí, ṣùgbọ́n ó dára kí o tún un gbọ́. Ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa febi sùn láàárín agbo ẹran.

Tètè parí ohun tí o lọ ṣe. Mò ń retí rẹ kí October tó tán.

Bàbá rẹ,
Làtíìfù.


Àgọ́ Bàbá Dorj,
Ọjọ́ kejìlélógún, September.

Bàbá mi, akàṣọ́ọ̀bù Rye Lane,

Ẹ kú ìrìn. Batbayar gbé fóònù rẹ̀ wá lánàá, mo sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo da lẹ́tà yín kọ. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà kà. Ó ti sọ ní gbogbo àgọ́ tó yà pé bàbá ọmọ dúdú yẹn ń bínú, nítorí ìlà rẹ̀ pọ̀.

Mo bi Bàbá Dorj ní iye àgùntàn wọn bí ẹ ti ní kí n ṣe. Wọ́n fín áṣáà símú, wọ́n ní, “Ó pọ̀ díẹ̀.” Mo ní mélòó? Wọ́n ní, “Díẹ̀ tó pọ̀.” Mo rántí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo panu mọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún ni. Mo kà á nígbà tí wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi.

Òótọ́ ni ti wàrà ẹṣin. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbà á, màá gbé e súnmọ́ ẹnu, màá sì dá a padà láìmu ún. Àṣà wọn gba bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bínú, àfi ẹ̀yin tí ẹ ti fajú ro báyìí.

Ṣùgbọ́n wàhálà ti dé lórí ẹran. Tí wọ́n bá fẹ́ pa àgùntàn níbí, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, wọ́n á la àyà rẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, wọ́n á sì já iṣan kan lẹ́bàá ọkàn rẹ̀. Kí ènìyàn tó kà dé ogún, ó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ kì í kan ilẹ̀ rárá, nítorí èèwọ̀ gidi ni kí ilẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn kó tó di ohun tí a lè jẹ. Ohun tó ń sọ ẹran di mímọ́ fún wa ni àbùkù lójú wọn.

Màmá Dulmaa ti fi gbèdéke lé e. Òtútù ibí máa ń lọ sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n márùndínlógójì. Wọ́n ní ẹni tí kò jẹ ẹran kò ní í rí oṣù March, àwọn kò sì ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní ìparí October ni Batbayar máa wá gbẹ̀yìn kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Tí n kò bá tíì jẹ ẹran títí di ìgbà náà, wọ́n á gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀. Tí mo bá sì kúrò níbí kó tó di April, iṣẹ́ ọdún yìí ti wọmi nìyẹn, màá tún ọdún náà kà látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Dorj ló rọ́gbọ́n dá sí i. Wọ́n ní kí n pa àgùntàn kan bí a ti ń pa tiwa, kí àwọn gbé agbada ńlá sábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn nítorí Ọlọ́run mi, kò sì ní kan ilẹ̀ nítorí tiwọn. Màmá ní obìnrin kì í pa ẹran nílẹ̀ àwọn. Bàbá ní, “Kì í ṣe obìnrin. Àlejò ni.” Ohun tí àwọn olùkọ́ mi á fi ọdún kan ṣèpàdé lé lórí, wọ́n yanjú rẹ̀ kí tíì tó tutù.

Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló kù. Ní Ìwó, inú ọbẹ̀ ni mo ti ń bá ẹran pàdé; láti ìgbà tí mo ti dé London, adìẹ tí wọ́n ti gé sí mẹ́jọ ni mo mọ̀. Ẹ̀yin pa mẹ́fà ní òwúrọ̀ kan, ọ̀kan péré ni mò ń béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: ibi tí ọ̀bẹ ń gbà, ibi tí kò gbọdọ̀ dé, bí mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí.

Ọmọ yín tí ojú rẹ̀ ń wọ̀nà,
Nusaybah.


Peckham,
Ọjọ́ kìíní, October.

Nusaybah tèmi,

O kú ọdún òmìnira, bí àwọn darandaran rẹ bá tilẹ̀ gbọ́ ọ rí pé Nàìjíríà wà.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo sì ti rí ọ̀nà àbáyọ tí kò ní ọ̀bẹ nínú. Ẹ̀wà ń kọ́? Dókítà ní ó ń ṣe gbogbo ohun tí ẹran ń ṣe, kì í sì í ké tí wọ́n bá fẹ́ sè é. Kí Batbayar wá a fún ọ dípò kó máa ka ìlà lẹ́tà onílẹ́tà. Bí kò bá rí ẹ̀wà, kó ra ẹja inú agolo. Ẹja kì í ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bisimilláhì sí òun lọ́rùn.

Mo tún gbọ́ pé Mùsùlùmí wà ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yẹn. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹṣin kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Kí ọ̀kan nínú wọn gùn ún wá.

Ní ti ohun tí o béèrè, a kì í kọ́ pípa ẹran nínú lẹ́tà. Ojú la fi ń wò ó. Nítorí náà wálé, kí n fi hàn ọ́ lójúkojú. O lè ní níbo? Ìyẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sọ, nítorí kánsù kò gba àgùntàn láàyè nínú fláàtì.

Tó bá sì jẹ́ pé ọdún kan lo máa tún kà, tún un kà. New Cross kò jìnnà. Bọ́ọ̀sì kan ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá rẹ ló ń wà á.

Làtíìfù.


Àgọ́ Bàbá Dorj,
Ọjọ́ kọkànlá, October.

Bàbá mi, agbẹnusọ ẹja inú agolo,

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo bi Batbayar ní ẹ̀wà, ó fún mi ní bátìrì. Ẹja inú agolo mẹ́rin tó rí, mo ti jẹ wọ́n tán. Ní ti Mùsùlùmí yín tó máa gun ẹṣin wá, Bàbá Dorj ní tó bá kúrò nílé lónìí, tí yìnyín kò sì gbé e mì, á bá wa ní oṣù December. Ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ kò ní dúró dè é.

Bẹ́líìtì mi ti ní ihò tuntun méjì. Bàbá Dorj ló fi irin ṣóńṣó lu wọ́n. Màmá Dulmaa ti gbá eruku ara àpò mi, wọ́n gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò lé mi. Wọ́n kàn ń múra sílẹ̀ de ohun tí ojú wọn ti rí.

Mo ti ń rò ó pé ẹ kò fẹ́ kí n ṣe é. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá sáà ti dákẹ́, màá padà sílé láìjẹ́ pé ẹ ní kí n padà. Ọgbọ́n ńlá ni, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

N kò lè dán an wò láìmọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láti kékeré pé ẹni tó bá dá ẹran lóró ti ru ẹrù tó wúwo ju ẹran lọ. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ hàn mí, wọ́n ti fi àgùntàn náà hàn mí. Ìlà mẹ́wàá péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó kọ odidi ojú ewé kan lórí ẹ̀wà kò lè ní òun kò ní bébà.

Nusaybah.


Àgọ́ Bàbá Dorj,
Ọjọ́ kọkànlélógún, October.

Bàbá mi,

Batbayar dé lónìí. Ó gbé ìyẹ̀fun wá, ó gbé àbẹ́là wá. Mo bi í ní lẹ́tà. Ó yí fóònù rẹ̀ síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń gbọn ìgò òróró tó ti tán.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni ìgbẹ̀yìn. Yìnyín ti bo kókósẹ̀.

Ẹ kú ọgbọ́n.

Nusaybah.


Peckham,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, October.

Nusaybah ọmọ mi,

Mo tọrọ àforíjì. Tọ́jú bébà yìí dáadáa, o lè má tún rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi mọ́ láyé.

O ní mo dákẹ́ kí o lè padà sílé. Ìdajì ìyẹn jẹ́ òótọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí, ohùn tìrẹ nìkan ni mò ń gbọ́ nínú fláàtì yìí. Báyìí fíríìjì nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ iná. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì ló burú jù. N kò mọ àgùntàn pa.

N kò pa mẹ́fà rí. N kò pa ọ̀kan rí.

Nígbà tí o kọ́kọ́ béèrè, mo ní kò séwu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní Peckham, màá bi ẹnì kan, màá sì kọ ọ́ sí ọ bí ẹni pé láti orí mi ló ti wá. Mo lọ bá Yaqub alápatà. Ọ̀bẹ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ara ògiri. Mo ní, “Yaqub, tí ènìyàn bá fẹ́ dúńbú àgbò, níbo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?”

Ó ní, “Inú páálí ni, Daddy.”

Mo ní, “Kí ni?”

Ó ní, “Inú páálí ló ti ń wá, Daddy. Wọ́n á já a sílẹ̀ láàárọ̀, èmi á gé e. Láti ọjọ́ tí mo ti dé London, n kò tíì fojú kan àgùntàn tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo bi ọkùnrin méje. Ẹni àkọ́kọ́ ní bàbá òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹnìkejì ní bàbá òun. Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá wọn títí dé ẹnìkeje nìyẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní bàbá òun máa ń pa mẹ́jọ kí oòrùn tó yọ. Mo wò ó lójú, mo rí ara mi níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, ọ̀bẹ mẹ́sàn-án, ọkùnrin méje, kò sí ẹni tó lè pa àgùntàn kan ṣoṣo.

Ó wá ku ẹnì kan tí n kò fẹ́ bi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń gbé fóònù tí mò ń gbé e kalẹ̀. Lánàá, nígbà tí lẹ́tà rẹ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ dé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi Àmínát ní Ìwó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo gan-an ni mo ṣe máa ń pa àgbò iléyá nígbà yẹn?”

Wọ́n fi odidi ìṣẹ́jú kan rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni mò ń pe Nàìjíríà. Ni wọ́n bá ní:

“Ìwọ? Ìwọ Làtíìfù? Tí o máa ń sá wọ abẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà bí wọ́n bá ti ń pọ́n ọ̀bẹ? Bàbá wa ló ń dúńbú, èmi ni mò ń di ẹsẹ̀ mú. Nígbà tí ojú Bàbá ṣú, wọ́n fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n jókòó tì mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pa á. Aṣọ tìrẹ funfun lóòótọ́. Eruku abẹ́ ibùsùn nìkan ló wà lára rẹ̀.”

Mo ti sọ ìtàn yẹn fún ìyá rẹ kí n tó fẹ́ ẹ. Mo ti sọ ọ́ fún ìwọ ní gbogbo iléyá. Mo sọ ọ́ títí mo fi ń rántí bí ọ̀bẹ náà ṣe tutù lọ́wọ́ mi.

Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, mo fi èkejì wé èkíní, wọ́n bára mu. Gbọ́.

Kí ọ̀bẹ mú dáadáa, má sì pọ́n ọn lójú àgùntàn náà. Fún un lómi mu. Dá a dùbúlẹ̀ ní ìhà òsì rẹ̀, kí ó kọjú sí Kíbùlà, ìhà Mẹ́kà. Ibí yìí nìkan ni mo mọ̀ fúnra mi, nítorí ìṣirò ni. O ní ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí gúúsù. Tí o bá jáde tí o dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni ìwọ̀-oòrùn. Kọjú síbẹ̀, kí o fi bíńtín yà sí gúúsù. Má tẹ̀lé oòrùn tó ń wọ̀, ti October máa ń yà jù.

Kí ẹni tó lágbára di ẹsẹ̀ mẹ́ta mú, kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sílẹ̀ fún un kó máa ta á. Fi ọwọ́ òsì ti àgbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn. Wá kókó ọ̀fun, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀bẹ ń gbà. Sọ pé Bismilláhì, Allāhu Akbar. Fà á, kí ó gé ọ̀fun afẹ́fẹ́, ọ̀fun oúnjẹ, àti iṣan ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Má ṣe jẹ́ kó dé eegun ọrùn. Má gbé ọ̀bẹ sókè títí yóò fi gé tán. Lẹ́yìn náà, má gbé ojú kúrò lára rẹ̀, o jẹ ẹ́ ní gbèsè ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bó o títí kò fi ní mira mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ á gbọ̀n. Wọ́n ní ọwọ́ tó gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀bẹ tó kú lẹ̀ṣẹ̀.

Tí o kò bá lè ṣe é, wọ ọkọ̀ máa bọ̀. N kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi kò gbà á mọ́. Abẹ́ ibùsùn ṣì gba ẹni méjì.

Bàbá rẹ tí kò pa nǹkan kan,
Làtíìfù.


Àgọ́ Bàbá Dorj,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, October.

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ òní. Batbayar kò tilẹ̀ tíì sọ̀kalẹ̀ tó fi ń ju ọwọ́, ó ní ìlà tọ̀tẹ̀ yìí kò lóǹkà, pé kí n mọ́kàn le.

Mo kà á lórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Níbi abẹ́ ibùsùn, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi gba fóònù lọ́wọ́ mi wò ó bóyá ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi. Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni mo fi ń dúró de ọkùnrin kan tí kò sí.

Màmá Dulmaa bi mí ohun tí ẹ kọ. Mo ní, “Bàbá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.” Wọ́n mi orí, wọ́n na ọwọ́ sí àpò mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n wọn ló mọ̀ ọ́n.” Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin?” Mo ní, “Obìnrin ni. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi pa á fún gbogbo ilé.” Wọ́n bi mí pé ta ló wá ń di ẹsẹ̀ mú nígbà náà? Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n fi àpò sílẹ̀, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n jáde.

Màmá fúnra wọn ló di ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Batbayar fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó lọ jókòó, pé iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ti ọkùnrin. Bàbá Dorj gbé agbada. Mo jáde láti ẹnu ọ̀nà, mo dúró, mo yí sí ọwọ́ ọ̀tún, mo yà bíńtín sí gúúsù. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi fóònù Batbayar sínú àpò.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Kókó ọ̀fun kò ṣòroó rí. Bí mo ti ní Bismilláhì, Allāhu Akbar, ọwọ́ náà dákẹ́ fúnra rẹ̀, mo fà á, ó sì parí. Ó yá ju bí mo ti rò lọ, ó sì pẹ́ ju bí mo ti fẹ́ lọ. N kò gbé ojú kúrò. Ẹ̀kán kan ta sórí bàtà Bàbá Dorj. Gbogbo wa wo bàtà náà. Bàbá wò ó pẹ́, wọ́n ní, “Bàtà kì í ṣe ilẹ̀.”

Omi àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sè é. Mo jẹ ẹ́ títí Màmá fi ní kí n rọra, ẹran mìíràn ṣì wà. Èyí tó kù ti wà níta nínú òtútù, yóò gbé mi dé ìparí December. Nígbà tó bá tán, mo mọ ohun tí màá ṣe.

Bàbá mi, n kò bínú pé ẹ̀rù bà yín. Ẹ̀rù ba èmi náà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n pàdánù odidi ọdún kan kí irọ́ mẹ́fà má baà bàjẹ́. Ẹ fi wé ara wọn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò. Mo dárí jì yín, ṣùgbọ́n lọ́nà díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹ ṣe ń san owó tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti ìdajì àkọ́kọ́, ti fíríìjì tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ máa pe Àǹtí Àmínát lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má ka ìṣẹ́jú. Wọ́n á bú yín, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni.

Batbayar ti tan ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní wá mọ́ títí yìnyín yóò fi yọ́, nítorí náà ẹ kò ní gbúròó mi fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó gbá yìnyín kúrò lórí ìjókòó iwájú, ó wò mí, mo mi orí fún un. Ó na ọwọ́.

Lẹ́tà yìí nìkan ló ń gbé lọ.

Nusaybah.